Agogo Ẹ̀yìn Adágún

Obìnrin tí ìjọba rán wá yẹ ilẹ̀ ọgbà wò dé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó gbé báàgì kan kọ́ èjìká, kò sì bá ẹnikẹ́ni wá. Bàbá Ọgbà ti fá irùngbọ̀n dè é. Ó ti gbálẹ̀, ó tún un gbá. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́nu géètì, kìlọ̀ fún un pé kó má sọ̀rọ̀ jù.

"Ẹnu ẹ yìí ló máa lé wa kúrò níbí."

"Ẹnu yìí náà ni mo fi fẹ́ ẹ," bàbá ní, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ń kọ́lé tà fẹ́ ra ọgbà náà. Bí obìnrin yìí bá ní kò sí nǹkan gidi níbẹ̀, wọ́n á gé igi, wọ́n á dí adágún, wọ́n á wó yàrá méjì tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń gbé láti ìgbà tí irun orí wọn ṣì dúdú. Kò níbòmíì tó ń lọ. Ó ti fẹsẹ̀ rìn káàkiri nígbà èwe, ó sì mọ bí ojú títì ṣe máa ń rí fún ẹni tí kò nílé.

Ó kọ́kọ́ mú un lọ síbi adágún.

"Ẹ wo bó ṣe rí roboto, bí ìgbà tí wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Kò sódò tó ń ṣàn wọ inú ẹ̀ o. Òjò nìkan ló ń mu."

"Ta ló gbẹ́ ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Báyìí la ṣe bá a."

Obìnrin náà yí etí omi po, ó ń wo bí ilẹ̀ ṣe wú yíká rẹ̀. Kò ya fọ́tò. Gbogbo àwọn tó ń wá síbẹ̀ ló máa ń ya fọ́tò. Inú bàbá kọ́kọ́ bà jẹ́ níbẹ̀.

Wọ́n lọ síbi ilé ìṣọ́ tí kò lórí mọ́. Bàbá sọ fún un pé ààrá ló gé e. Obìnrin náà ki ìka bọ ihò kan lára ògiri, ó ki ìka bọ òmíràn.

"Àwọn ẹyẹ ló ń sùn síbẹ̀," bàbá ní.

"Ó dáa."

Ó béèrè bóyá ẹnì kan ṣì wà tó mọ ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Kò sí. Àlejò ni gbogbo wa. Àwọn tó nilẹ̀ sá lọ nígbà ogun, wọn ò padà wá. Àwa dé nígbà tí ìlú ti rọ̀."

Ó mi orí. Ó ń wolẹ̀ bó ṣe ń rìn, bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rò pé ó ti sú u ni, ó bá yára mú un lọ síbi agogo, torí agogo ló fi ọkàn tẹ̀ jù.

Ẹ̀yìn adágún ló wà. Ó já bọ́ láti orí ilé ìṣọ́ lọ́jọ́ tí ààrá sán, gẹ́gẹ́ bí gbogbo àdúgbò ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ti rì sínú ilẹ̀, ìdí rẹ̀ nìkan ló yọ síta, ó fẹ̀ tó àgbá omi. Bàbá máa ń kùn ún láwọ̀ ewé. Ó ti fi rọ́bà wé orí òòlù irin tí àwọn àlejò fi ń lù ú kí wọ́n má baà ha á lára.

Tọkọtaya tuntun kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹbí wọn. Ọkọ ìyàwó gbá agogo náà, ó dún gbòùn.

"O ò jẹun ni?" àǹtí ìyàwó bi í. "Báyìí lo ṣe máa gbé ọmọ wa?"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ ìyàwó tún gbé òòlù.

Obìnrin ìjọba ti dúró gbagidi. Kò sún mọ́ wọn.

"Bàbá," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sókè rárá, "ẹ gba òòlù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n máa lọ. Kí wọ́n má sáré o. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ti ọgbà."

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, màdáámú."

"Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá sún mọ́ ọkọ ìyàwó. Ó gba òòlù, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àbí ó ti rẹ agogo yín ni?" àǹtí ìyàwó ní.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, obìnrin náà ní kí ìyàwó bàbá fi ọjà sílẹ̀, kó bá àwọn yòókù sọdá sí òdìkejì títì. Ìyá fi etí gèlè nu ojú. Kò béèrè ìdí. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa lé wọn kúrò.

Obìnrin náà mú fóònù jáde. Bàbá fẹ́ sọ̀rọ̀, obìnrin náà na ìka kan sí i pé kó dúró ná.

"Rárá," ó ń sọ sínú fóònù. "Kò sẹ́ni tó máa kọ́lé síbí. Kí ẹnikẹ́ni má fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ yìí."

Bàbá gbọ́ ọ ketekete. Ó wo òdìkejì títì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí ìyàwó rẹ̀.

"Wọn ò ní kọ́lé o. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún wa."

Ìyá di gèlè rẹ̀ le. "Lọ lù ú," ó ké sí i láti ọ̀hún. "Lù ú kí gbogbo àdúgbò gbọ́."

Bàbá padà wọlé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ adágún kọjá, ó ń bọ́ rọ́bà kúrò lórí òòlù bó ṣe ń lọ, torí lónìí ó fẹ́ kó dún bó ṣe yẹ kó dún. Ó dúró síwájú agogo, ó tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé irin náà sókè.

Lẹ́nu géètì, obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí ọgbà, ó fi ọwọ́ dí etí kejì nítorí ariwo ọkọ̀ àwọn ẹbí ìyàwó, ó ń sọ fún ọ̀gá àwọn ṣójà pé kí wọ́n tètè máa bọ̀, pé bọ́ǹbù ìgbà ogun ni àwọn ará ibí ń lù bí agogo, kò sì tíì bú gbàmù.