Íǹṣì Méjì

Jórinjórin ń jó ègé irin mọ́ apá òsì ṣáṣí, irin ìsàlẹ̀ tó gbé gbogbo ara ró, ti mọ́tò tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ ọmọ ilé-ìwé, ń kàn lẹ́yìnkùlé. Àná ni wọ́n rí i pé ó fi íǹṣì méjì kúrú ju apá ọ̀tún lọ.

"Ẹ̀yin lẹ wọ̀n ibí yìí, ẹ̀gbọ́n. Mọ́tò yìí á kọjú sọ́jà, oko ló máa gbé wa já."

"Ojú mi ló fà á, àbúrò."

Jórinjórin fa téèpù tí ẹ̀gbọ́n lò. Íǹṣì méjì àkọ́kọ́ ò sí lórí ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló gé e sọnù nígbà tí iná jó o, kò sì sọ fẹ́nì kankan. Ó yára tì í bọ àpò.

"Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ilé-ìwé padà láàárọ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ẹni tí ò rí íǹṣì méjì, ṣé ọmọ ọlọ́mọ ló yẹ kó máa gbé?"