Bébà Àárín Pọ́ìntì

Baba lóṣòó ti alùpùpù Họ́ńdà àtijọ́ rẹ̀, ó tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fa bébà tín-ín-rín kan yọ láàárín pọ́ìntì, irin kékeré méjì tó ń pàdé kí iná tó wá. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀ ní oṣù méjì sẹ́yìn. Bí irin méjèèjì kò bá fara kanra, púlọ́ọ̀gì kò ní ta iná. Bí alùpùpù kò bá sì dáhùn, Azeezah ọmọ rẹ̀ yóò tún ti Ọ̀fà wá sí Ìlọrin ní Sátidé, kí wọ́n jọ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n òjò pa Azeezah àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́nà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà sì ń wúkọ́ di òní. Ojú ara rẹ̀ ti Baba.

Azeezah wọlé, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó fẹsẹ̀ ta kíìkì lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì dáhùn.

"Ẹ ti yọ ọ́ nìyẹn."

"Mo yọ kí ni?"

"Bébà yín. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti rí i, Baba. Mo kàn ń dá a padà síbẹ̀ ni."

Baba ò lè gbójú sókè. Azeezah tẹ́ ọmọ sórí ẹní, ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó nawọ́ sí ògbólógbòó alùpùpù Súsúkì tó wà lẹ́bàá ògiri.

"Èyí ńkọ́, kí ló ń ṣe é?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Baba ò parọ́. "Mi ò mọ̀."