Epo Tó Ṣẹ́kù

Lọ́dún 1994, nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, Màdámù Elizabeth Ọlálẹ́yẹ ń wá dírẹ́bà fún bọ́ọ̀sì ilé-ìwé rẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé náà ń gbé lórí òkè Ọ̀kà, dírẹ́bà yìí ni yóò sì máa gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ láràárọ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó wá, ẹni méjì ló kù. Zacchaeus ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì máa ń wakọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin. Múrítàlá kò tíì pé ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo kọ́nà òkè Ọ̀kà bí ẹní mowó. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń wà. Àsàmáù ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún oṣù kẹjọ, ó sì ti sú Múrítàlá láti máa jí láì mọ̀ bóyá ọlọ́kọ̀ yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun. Ó fẹ́ iṣẹ́ yìí dọ́kàn.

Màdámù ní kí wọ́n kó àpò iyanrìn sínú bọ́ọ̀sì títí yóò fi wúwo bí ìgbà tí ọmọ kún inú rẹ̀. Ó wọn epo lítà mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n gun òkè Ọ̀kà, kí wọ́n sì padà wá.

Ó ní, "Bí ẹ bá dé, a ó fa èyí tó ṣẹ́kù jáde, a ó sì wọ̀n ọ́n."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi pé ó fi kún un, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ físíìsì tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, pé agbára kì í sọnù, aṣọ ló máa ń pààrọ̀. Àwọn méjèèjì ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Zacchaeus ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó ń bọ̀, igbe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Múrítàlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó lọ sọ fún Àsàmáù pé jíà kékeré tí bàbá náà fi gun òkè ló tún fi sọ̀ ọ́, pé ó ń jó epo níbi tí òkè fúnra rẹ̀ ti fẹ́ ti ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lítà mẹ́fà ló ṣẹ́kù.

Lọ́jọ́ kejì, Múrítàlá dé orí òkè, ó fi jíà sí fíríì, ó sì pa ẹ́ńjìnnì, bí ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ṣe ń ṣe lọ́dún náà. Bọ́ọ̀sì yọ́ lọ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ó ki eré mọ́lẹ̀. Ó ń súfèé, ó ń tẹ búréèkì ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ ló ti wá tún ẹ́ńjìnnì tan.

Màdámù ti ń dúró ní géètì. Ó bu omi, ó wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sí irin táyà kọ̀ọ̀kan, níbi tí búréèkì wà. Omi náà dún ṣàà, ó sì di èéfín. Múrítàlá rò pé eruku ló ń bá òun fọ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n fa epo, ó jẹ́ lítà mẹ́jọ. Zacchaeus bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Inú Múrítàlá dùn dé gongo, ó ti ń ro ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ fún Àsàmáù.

Màdámù mú kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì, ó fi lé Zacchaeus lọ́wọ́, ó sì kọjú sí Múrítàlá: "Mo wọn epo kí n lè mọ ẹni tí yóò pa ẹ́ńjìnnì lórí òkè, tí yóò fi búréèkì nìkan gbé ọmọ ọlọ́mọ sọ̀."