Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Apẹja

Nọ́ọ̀sì yí ìwé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà síwá sẹ́yìn. Májèlé ilé-iṣẹ́ ti ba odò jẹ́, ó sì ti wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń jẹ ẹja ibẹ̀. Ti bàbá apẹja yìí nìkan ló mọ́ tónítóní.

"Bàbá, ṣé ọṣẹ lẹ fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ yín ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ọjọ́ tí ológbò wa jẹ ẹja yẹn, tó gbọ̀n títí tó fi kú, lojú wa là. A ò fi kan ẹnu mọ́."

"Ẹ ṣì ń pẹja lójoojúmọ́!"

"Iṣẹ́ wa nìyẹn."

"Ta ló wá ń rà á?"

"Ilé ìdáná ilé ìwòsàn yín ni. Wọ́n ní ó ń ṣe ara aboyún lóore."

Nọ́ọ̀sì dìde. Ní yàrá àwọn aboyún, ṣíbí ti ń ró lára àwo.