Kíndìnrín Orí Tábìlì

Mo jókòó sí igun yàrá, mo ń wo dókítà mẹ́ta tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ.

Kíndìnrín oníke ló wà níwájú kálukú wọn. Ó rọ̀ bíi ti èèyàn, omi pupa ń ṣàn nínú rẹ̀. Kókó kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n máa gé kúrò, kí kíndìnrín má sì bàjẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ ju kóòtù rẹ̀ sí mi. "Mọ́mì, ẹ bá mi mú un dání."

Ó dáa náà. Mo gbé e lé itan bí ọmọ tuntun.

Ó ki ọ̀bẹ bọ inú ike wàrà. Omi pupa ta sára ògiri.

Mo di ẹ̀gbẹ́ mi mú.

"Ẹ gbé òmíràn wá jàre," ó ń rẹ́rìn-ín. "Ike lásán ni!"

Ẹnì kejì ń gé, ó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Òun náà bà á jẹ́.

Ọmọbìnrin kan ló kẹ́yìn. Ọ̀bẹ rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, omi yọ.

"Áà, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má bínú," ló sọ fún ike.

Àwọn méjì tó kù bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ike létí ni?"

Ó rán ibẹ̀, omi dá. Ó rọra yọ kókó náà jáde.

Ọ̀gá wọn wọlé, ó kọjá lára wọn, ó tẹ̀ ba níwájú mi.

"Mà, ẹ ti wo gbogbo wọn. Ta ni kó bá mi ṣe é lọ́la?"

"Ṣe kí ni, sà?" oníkóòtù bèèrè.

"Iṣẹ́ abẹ màmá yìí. Kíndìnrín wọn la wò ṣe gbogbo ike tí ẹ ń gé láti àárọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù fún wọn nìyẹn."



Mo na kóòtù sí ẹni tó ni ín.

"Ẹni tó bẹ̀ mí ni mo fẹ́."