Bébà Tí Kò Ní Adé

Ní gbogbo Sátidé, Kúnbi máa ń wá sí ilé bàbá rẹ̀ ní Àpò láti kọ́ iṣẹ́ sítáǹpù. Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Bàbá rẹ̀, Ọláfimíhàn, ni ẹgbẹ́ àwọn tí ń kó sítáǹpù àtijọ́ jọ ní Àbújá gbára lé. Bí ó bá ti fọwọ́ sí i pé irú bébà báyìí ni a fi ṣe sítáǹpù kan, àríyànjiyàn parí. Ó ti sọ fún Kúnbi pé òun ni yóò gba iṣẹ́ náà, lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá dúró ṣinṣin.

Kò tíì dúró. Láti ọdún tó kọjá, ọ̀nà kan ṣoṣo ni bàbá ń gbà kọ́ ọ. Yóò ti sítáǹpù síwájú rẹ̀, yóò ní, "Kí lo rí?" Bí ó bá dáhùn, kì í sọ pé ó gbà á tàbí pé ó ṣì í. Yóò kàn ní kí ó tún un wò ni. Kúnbi á padà sílé láìmọ̀ bóyá òun mọ̀ ọ́n tàbí òun kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohun tí bàbá kórìíra jù lára obìnrin, ó ti múra ìjà sílẹ̀. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Kúnbi rò pé ọ̀rọ̀ òun ti sú u ni.

Ní Sátidé yìí, àlejò wà níbẹ̀. Ìbídùnní, opó Sàláwù, ti Nyanya gbé sítáǹpù kan ṣoṣo wá. Irú èyí tí ìjọba òyìnbó máa ń lẹ̀ mọ́ ìwé àdéhùn láti fi gba owó ìjọba ni. Bébà irú rẹ̀ máa ń ní adé kéékèèké nínú, tí kì í hàn àfi bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi láítà. Sàláwù lérí títí ó fi kú pé tòun kò ní adé, pé àṣìṣe ilé ìtẹ̀wé ni, pé kò sí irú rẹ̀ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ní irọ́ ló ń pa.

"Níbi fídáù rẹ̀ gan-an, Bàbá," ni Ìbídùnní wí. "Wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín mi lọ́wọ́, wọ́n ń pe ọkọ mi ní Sàláwù Aláìládé. Mo gbọ́ ọ."

"A óò rídìí òótọ́ lónìí." Ọláfimíhàn fi àtàǹpàkò pa ojú sítáǹpù náà. "Kì í ṣe bébà ẹlẹ́fun, èyí tí wọ́n fi ẹfun kùn lójú. Ti ẹlẹ́fun máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Rẹ ẹ́, Kúnbi."

Kúnbi da omi láítà sínú àwo dúdú, ó fi ẹ̀mú kékeré tẹ́ sítáǹpù náà sínú rẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé dáadáa.

"Kí lo rí?"

"Ó dà bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀, sà."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tó dà bí. Ó wà àbí kò sí?"

"Dádì, ẹ jẹ́ kó rẹ ná."

"Ní báńkì yín, ṣebí ẹ máa ń gbé náírà sókè wò kẹ́ ẹ tó gbà á? Ṣé ẹ máa ń sọ fún oníbàárà pé ó dà bí owó?"

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín láti orí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ rọra, Bàbá. Ẹ ò rí i bó ṣe ń wò ó bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà?"

"Wò ó dáadáa, Kúnbi. Kí lo rí?"

Àwọn adé náà ti yọ kedere báyìí, wọ́n tò lọ láti etí kan dé ìkejì. Kúnbi wo bàbá rẹ̀. Bàbá kọjú sí àwo náà, ó fara balẹ̀ bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀. Inú bí Kúnbi. Bí òun bá sọ òótọ́, yóò tún ní kí òun tún un wò. Ó pinnu láti sọ ohun tí bàbá kò ní lè gbọ́ kó má ta kò ó.

"Kò sí adé níbẹ̀, sà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó ń dúró de ìbínú rẹ̀. Bàbá mí kanlẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe ń dáhùn nìyẹn," ló wí. "Mú bébà ẹgbẹ́. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní adé."

Ìbídùnní kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀.

Kúnbi kọ ọ́. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ máa ń jẹ́ kó pa irọ́ dópin kó tó mú un. Ó gbà pé bẹ́ẹ̀ náà nìyí, pé kí bírò tó kan bébà, bàbá yóò dáwọ́ dúró, yóò sì bojú wo òun. Ó gbé ìwé náà síwájú bàbá, ó fi bírò sí i lọ́wọ́.

Ọláfimíhàn kọ orúkọ rẹ̀ pé pérépéré, láìkánjú, sórí aṣọ tábìlì funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, ó wá bi ọmọ rẹ̀ léèrè bóyá ó bọ́ sójú ìlà.