Olùṣọ́ Eré ní Gáréèjì Ìkòròdú

Bó bá jẹ́ ti ìwé, Akínlolú mọ tíátà bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀. Bi í léèrè bí àwọn aláàrìnjó ṣe ń ṣí eré, wàá kábàámọ̀ pé o bi í. Àmọ́ tó bá dé orí ìtàgé, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbọ̀n bíi ti ewúrẹ́ tó rí ọ̀bẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò eré ṣíṣe. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ilé-ẹ̀kọ́ á lé e.

Ọ̀gbẹ́ni Fábíyìí, olùkọ́ wọn, ṣàánú rẹ̀, ó fi í ṣe olùṣọ́ nínú ìdánwò kẹta. Eré tí wọn kì í polongo ni wọ́n ń kọ́, èyí tí òṣèré máa ń ṣe láàárín èrò, tí aráyé á rò pé òótọ́ ni. Lọ́dún tó kọjá, èrò gáréèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná sun ẹni tó kó ipa olè. Látìgbà náà, olùṣọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, kó máa fọgbọ́n dá wọn dúró, kó sọ fún wọn pé eré ni bí wọ́n bá fẹ́ jà.

"Àwọn ará ẹ̀ka wa ní Ẹ̀pẹ́ ni mò ń kó bọ̀," Fábíyìí sọ fún un. "O ò mọ̀ wọ́n, wọn ò mọ̀ ọ́. Ọkọ á máa lu ìyàwó. Aago mẹ́rin, ní gáréèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ọkọ yẹn, o ò yege nìyẹn."

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, obìnrin kan já bọ́ láti inú mọ́tò dúdú kan. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ tẹ̀lé e, ó fọ́ ọ létí, obìnrin náà ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó fi bàtà gbá a nínú ikùn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Kabir ti yọ bẹ́líìtì. Akínlolú dì í lápá mú.

"Ẹ̀gbọ́n, eré ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tíátà la ti wá."

"Eré báwo? Ẹ̀jẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Omi sóbò ni."

Kabir rẹ́rìn-ín, ó sọ fún ẹnì kejì, ẹnì kejì sọ fún ẹnì kẹta. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi yọ fóònù.

Wàsílátù ẹlẹ́ja yíyan nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Eyín tó bọ́ sílẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Àgbọn ni, mà. Wọ́n á ti gé e sẹ́nu kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀."

"Àgbọn wá ní gbòǹgbò?"

"Iṣẹ́ tíátà ti jinlẹ̀, mà."

Obìnrin náà gbórí sókè. "Kì í ṣe eré. Ẹ gbà mí, ó fẹ́ pa mí ni."

Akínlolú mi orí. Ohun tí Fábíyìí kọ́ wọn gan-an nìyẹn: òṣèré gidi kì í jẹ́wọ́. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ti ga jù. Èrò pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà wò wọ́n yíká, ojú rẹ̀ dàrú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹríba fún wọn, ó fi ìkúùkù gbá obìnrin náà lẹ́nu, ó sì ń wọ́ ọ lọ sídìí mọ́tò. Obìnrin náà di ilẹ̀kùn mú, kò fẹ́ wọlé. Akínlolú bá ọkùnrin náà ká ìka obìnrin náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, kí eré lè parí dáadáa, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"O ṣé, àbúrò," ọkùnrin náà wí, ó sì wa mọ́tò gba ọ̀nà Lasunwọn lọ.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Akínlolú ti yege.

Fóònù rẹ̀ dún, Fábíyìí ló pè: "Akínlolú, má bínú, máa lọ sílé, mọ́tò wa kọ̀ láti aago méjì, gbogbo wa ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́ níbí."